Àpáta Epo àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbà Á: Ìdí Tí Ìṣirò Méjèèjì Fi Gbọ́dọ̀ Jọ Rìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ètò ibùdó epo rọ̀bì kò ju báyìí lọ: àwọn onímọ̀ kan yóò wá epo rí lábẹ́ ilẹ̀, wọn yóò ṣírò bí ó ti pọ̀ tó, wọn yóò fi iye náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀rọ, àwọn yẹn yóò sì kọ́ ẹ̀rọ tó lè gbà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, a kì bá máa gbọ́ pé ibùdó kan tí wọ́n náwó gọbọi lé lórí ń mú epo tó kéré sí èyí tí wọ́n ṣèlérí jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣi ìṣirò ṣe. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé a kò lè mọ iye epo tí àpáta yóò tú sílẹ̀ láìmọ irú ẹ̀rọ tí yóò gbà á, a kò sì lè mọ irú ẹ̀rọ tó yẹ láìmọ ohun tí àpáta yóò tú sílẹ̀. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan wà nínú ikùn èkejì.

Ẹgbẹ́ ẹnjiníà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ bí epo, gáàsì àti omi ṣe ń rìn nínú àpáta, àti ìwọ̀n tí a lè rí fà jáde láàárín ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn ẹnjiníà orí ilẹ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán páìpù, pọ́ǹpù, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀), ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ àti gbogbo ohun èlò tí epo yóò gbà kọjá láti orí kànga títí dé ibi tí wọ́n ti ń tà á. Orúkọ yìí náà ni mo fi ń pè wọ́n kódà bí ohun tí wọ́n kọ́ bá wà lórí pèpéle láàárín òkun. Ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kọ́ yàtọ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò yàtọ̀, nígbà mìíràn ìlú kan náà kọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti mọ́ ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ lára láti máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tó lè má ṣeé ṣe. Ẹnjiníà orí ilẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin bí irin náà yóò ṣe nípọn tó, irin kò sì lè nípọn "bóyá".

Ìfúnpá ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ti yi jù. Epo kì í dúró bí adágún lábẹ́ ilẹ̀. Inú àwọn ihò wínníwínní tó wà lára àpáta ni ó máa ń wà, pẹ̀lú omi iyọ̀ àti gáàsì, ìfúnpá ibẹ̀ sì ga gan-an. Ní ìjìnlẹ̀ kìlómítà 3, ó sábà máa ń tó nǹkan bí 300 bar, èyíinì ni nǹkan bí ìlọ́po 300 ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ohun tó ń mú kí epo ṣàn wọ inú kànga ni pé ìfúnpá ìsàlẹ̀ kànga kéré sí ti inú àpáta, bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá sì ṣe pọ̀ tó ni epo ṣe ń jáde tó. Ká ní ìfúnpá inú àpáta jẹ́ 300 bar, ti ìsàlẹ̀ kànga jẹ́ 250, tí kànga náà sì ń mú àgbá 100 jáde lójúmọ́ fún bar kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín wọn. Àgbá 5,000 ni yóò máa jáde lójúmọ́, àgbá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bí lítà 159.

Níbo wá ni 250 yẹn ti wá? Kì í ṣe láti inú àpáta. Àpapọ̀ nǹkan mẹ́ta ni: ìwúwo ohun tó kún inú kànga láti ìsàlẹ̀ dé òkè, agbára tó ń ṣòfò bí epo ti ń ha ara páìpù kọjá, àti ìfúnpá tí ẹnjiníà orí ilẹ̀ yàn fún ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀, èyí tó ń ya epo, gáàsì àti omi kúrò lára ara wọn. Bí ẹnjiníà yìí bá lè dín ìfúnpá ẹ̀rọ rẹ̀ kù débi pé ìsàlẹ̀ kànga wá sílẹ̀ sí 240, nǹkan bí àgbá 6,000 ni yóò máa jáde nínú kànga kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìfúnpá kékeré gbọ́dọ̀ tóbi, nítorí gáàsì máa ń fẹ̀ bí ìfúnpá bá ti dín kù, gáàsì náà yóò sì nílò kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ tó lágbára sí i kí ó tó lè wọ páìpù tí yóò gbé e lọ. Owó nìyẹn, ìwúwo nìyẹn, iná mànàmáná nìyẹn. Ìpinnu tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni ó ń sọ iye epo tí àpáta yóò fún wa.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ìpinnu náà ń wúwo sí i, nítorí pé ìfúnpá inú àpáta máa ń lọ sílẹ̀ bí a ti ń fa epo jáde. Lọ́jọ́ tí ìfúnpá inú àpáta bá sọ̀ kalẹ̀ dé 250, tí kò sì sí ọ̀nà láti dín ti ìsàlẹ̀ kànga kù, kànga náà yóò dákẹ́. Kì í ṣe pé epo tán. Epo wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni kò gbà á láàyè láti jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣiyèméjì nígbà tí wọ́n bá kéde pé ilẹ̀ kan ní iye àgbá báyìí "tó ṣeé fà jáde", tí wọn kò sì sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní lọ́kàn. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò tíì pé.

Gáàsì ni ó tẹ̀ lé e. Gáàsì púpọ̀ wà tí ó ti yòrò sínú epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, bí gáàsì inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a kò tíì ṣí. Níwọ̀n ìgbà tí ìfúnpá bá ṣì ga, a kò ní rí i. Bí ìfúnpá bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ààlà kan, gáàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde, kì í ṣe nínú páìpù nìkan, bí kò ṣe nínú àpáta fúnra rẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé gáàsì fúyẹ́, tí ó sì ń sáré ju epo lọ nínú àwọn ihò àpáta, òun ni yóò máa ṣáájú dé ẹnu kànga. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọdún tí epo pọ̀ jù kọ́ ni ọdún tí gáàsì pọ̀ jù. Ti gáàsì lè dé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí epo ti ń dín kù. Ẹni tó bá ra kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ nítorí ohun tó rí ní ọdún àkọ́kọ́ yóò bá ara rẹ̀ níbi tí gáàsì ti kún inú ẹ̀rọ tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó ti àwọn kànga kan pa, pẹ̀lú epo tó wà nínú wọn. Ní Prudhoe Bay ní ìpínlẹ̀ Alaska, ibùdó ńlá tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1968 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977, ó dé ìgbà kan tó jẹ́ pé agbára tí àwọn ẹ̀rọ ní láti gba gáàsì kí wọ́n sì dá a padà sínú ilẹ̀ ni ó ń pinnu iye epo tí wọ́n lè mú jáde lójúmọ́. Epo wà, kànga wà, ṣùgbọ́n àgbá epo kọ̀ọ̀kan ń bá gáàsì wá, gáàsì náà sì gbọ́dọ̀ rí ibi lọ.

Ọ̀rọ̀ omi fara jọ èyí, àmọ́ ó tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ bá lè gba 100,000 àgbá lójúmọ́, ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni àgbá epo àti omi lápapọ̀. Nígbà tí omi bá di ìdajì ohun tó ń jáde, 50,000 àgbá epo ni yóò kù, bí àwọn kànga tilẹ̀ ń ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ibùdó tó ti dàgbà wà níbi tí omi ti ju 90 lọ nínú 100 àgbá tó ń jáde, tí a wá lè sọ pé omi ni wọ́n ń fà, epo kàn ń bá a wá ni. Ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ lè mọ̀ dájú pé omi yóò dé. Ohun tó ṣòro fún un ni láti sọ ọdún tí yóò dé, nítorí pé ipa ọ̀nà kan ṣoṣo tí omi lè sáré gbà nínú àpáta, tí ìwádìí kò fojú rí, tó láti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ìṣirò náà padà.

Ọ̀pọ̀ ibùdó sì wà tó jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà fúnra wọn ni wọ́n ń ti omi wọ inú ilẹ̀, kí ìfúnpá má baà lọ sílẹ̀ kí omi náà sì lè gbá epo síwájú. Níbí ni àṣìṣe kékeré kan ti sábà máa ń wáyé. Epo máa ń sún kì nígbà tó bá jáde tí gáàsì sì kúrò lára rẹ̀. Epo tó gba àyè àgbá 1.3 lábẹ́ ilẹ̀ lè di àgbá 1 péré nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ. Nítorí náà, fún àgbá kan tí a bá tà, àgbá omi 1.3 ni a gbọ́dọ̀ tì padà wọlé, yàtọ̀ sí èyí tí yóò rọ́pò omi tó bá epo jáde. Bí ẹnjiníà orí ilẹ̀ bá ka àgbá abẹ́ ilẹ̀ sí àgbá orí ilẹ̀, pọ́ǹpù rẹ̀ yóò kéré láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ìfúnpá yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó tètè mọ ìdí rẹ̀.

Omi wo gan-an ni wọ́n ń tì wọlé? Tí ó bá jẹ́ omi òkun, súfétì, èròjà kan tó wà lára iyọ̀ òkun, wà nínú rẹ̀. Tí báríọ́mù, èròjà onírin kan, bá wà nínú omi tó ti wà nínú àpáta tẹ́lẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn yóò di èérún líle bí òkúta tó ń lẹ̀ mọ́ inú kànga àti páìpù, tí ásíìdì tí wọ́n sábà ń lò kò sì lè yọ́. Súfétì yìí kan náà ni oúnjẹ àwọn bakitéríà kan tí wọ́n ń sọ ọ́ di haidirójìn súfáìdì, gáàsì olóró tó lè pa ènìyàn tó sì ń ba irin jẹ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fara hàn, nígbà tí páìpù tí wọn kò rà fún irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà rẹ̀ ti gùn tó: ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ yan omi òkun láti gbé ìfúnpá ró, ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ẹnjiníà orí ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti mọ̀ pé ó ní láti fi ẹ̀rọ tó ń yọ súfétì síwájú pọ́ǹpù, tàbí kí ó yan irin mìíràn. Bí wọn kò bá jọ jókòó sọ ọ́ ní ọdún tí àwòrán ṣì wà lórí ìwé, kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti tún un ṣe mọ́.

Bóyá kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba tó Ekofisk, ní apá Nọ́wè nínú Òkun Àríwá. Wọ́n ṣàwárí epo níbẹ̀ ní ọdún 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1971. Àpáta tí epo náà wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹfun, àpáta rírọ̀ tó kún fún ihò, tó sì jẹ́ pé ìfúnpá epo inú àwọn ihò náà wà lára ohun tó ń bá a gbé ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń fa epo, tí ìfúnpá ń lọ sílẹ̀, ni àpáta ń tẹ̀ wọra. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tẹ̀ lé e wálẹ̀, àwọn pèpéle tó dúró lórí rẹ̀ sì bá a lọ. Ọdún 1984 ni wọ́n tó ṣàkíyèsí pé àyè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ pèpéle àti ìgbì òkun ti dín kù ju bó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1987, wọ́n gé àwọn ẹsẹ̀ irin tó gbé àwọn pèpéle náà dúró, wọ́n fi jáàkì gbé wọn sókè ní mítà 6, wọ́n sì so irin tuntun mọ́ àwọn ẹsẹ̀ náà, iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi wọ inú àpáta lọ́pọ̀ yanturu kí ìfúnpá lè gòkè padà. Ó gòkè lóòótọ́, epo tí wọ́n rí sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n lérò lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò dáwọ́ rírì dúró bí wọ́n ti retí, nítorí pé omi òkun fúnra rẹ̀ ń sọ ẹfun náà di aláìlágbára. Gíga pèpéle sókè òkun, tí ènìyàn lè rò pé ìgbì àti ìjì nìkan ni ó kàn, ti di ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé pinnu láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ àpáta.

Kí ló dé tí kò fi rọrùn kí ẹgbẹ́ kan béèrè kí èkejì sì dáhùn? Wàhálà náà wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà orí ilẹ̀ a máa sọ pé kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà kan. Ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan. Ohun tó ní ni kànga ìwádìí díẹ̀, àwòrán tí wọ́n fi ìró yà láti òkè, àti ègé àpáta tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ láti inú ilẹ̀ tó lè gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ohun tó lè fi òótọ́ inú sọ ni iye mẹ́ta: èyí tó dá a lójú dé ìwọ̀n 90 nínú 100 pé àbájáde yóò kọjá rẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe kó kọjá tàbí kó má dé ní dọ́gbandọ́gba, àti èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀n 10 péré nínú 100 ni ìrètí wà pé yóò kọjá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan a mú èyí tó wà láàárín, wọn a sì kọ́ ohun gbogbo lé e lórí. Ṣùgbọ́n epo nìkan ni wọ́n fi to àwọn iye mẹ́ta yìí. Ipò tí epo ti kéré lè jẹ́ ipò tí omi ti pọ̀ jù lọ, tí ẹ̀rọ omi sì gbọ́dọ̀ tóbi jù. Ẹni tó bá wo ipò àárín nìkan kò ní rí i láé. Ohun tó yẹ kí ẹnjiníà orí ilẹ̀ béèrè ni ọdún tó le jù fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan: ìgbà wo ni omi yóò pọ̀ jù, ìgbà wo ni gáàsì yóò pọ̀ jù, ìgbà wo ni ohun tó ń ṣàn yóò kéré jù débi pé páìpù lè tutù kí ìda inú epo sì dì sínú rẹ̀. Nínú ibú òkun, níbi tí omi ti lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju ti epo tó pọ̀ jù lọ.

Òdìkejì àṣìṣe náà wà pẹ̀lú. Ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ fi 10 lórí 100 kún iye rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹnjiníà orí ilẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi kún un fi 15 lé e. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ẹ̀rọ tún fi 10 lé ti àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ tó jáde níkẹyìn fi nǹkan bí 39 lórí 100 tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni pinnu lọ, tí ó bá sì jẹ́ orí òkun ni, irin tí yóò gbé e yóò nípọn sí i, owó yóò sì gòkè tẹ̀ lé e. Irú rẹ̀ mìíràn ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ kìíní bá ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, tí wọ́n ní ọjọ́ 90 nínú 100 ni epo yóò ṣàn, tí ẹgbẹ́ kejì sì tún yọ ọ́, ó di 81 lórí ìwé. Èmi kò rò pé ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni ó ń wo irú èyí sàn. Ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń lò, tí ẹni tó kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti kọ ohun tó ti fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a tó.

Ní ti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jọ ṣiṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà wà báyìí tó so àwòrán àpáta, kànga, páìpù àti ẹ̀rọ pọ̀, tó jẹ́ pé bí a bá yí ìfúnpá ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ padà, a óò rí ohun tó ṣe sí epo ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó wúlò, àmọ́ kì í rọ́pò ìjókòó papọ̀, nítorí pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kò sí nínú rẹ̀. Àsìkò ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí wọ́n ṣì ń yan irú ibùdó tí wọn yóò kọ́, owó díẹ̀ ni wọ́n ti ná, ìpinnu wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ de gbogbo owó tó kù mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyípadà kékeré lè ná wọn ní ọdún kan. Nítorí àìdánilójú tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ohun tó sàn jù kì í ṣe kí wọ́n ra kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ ọdún kẹwàá ní ọdún kìíní, bí kò ṣe kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un lórí pèpéle, kí ẹsẹ̀ pèpéle lè gbé ìwúwo rẹ̀, kí ẹnu páìpù tí wọn yóò so ó mọ́ sì ti wà níbẹ̀. Ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀ ni yóò sọ ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n nílò lọ́jọ́ iwájú. Ẹnjiníà orí ilẹ̀ ni yóò sọ iye tí àyè òfìfo náà yóò ná wọn.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń fà gé nígbà tí owó bá kù díẹ̀ káàtó, èyíinì ni ẹ̀rọ tó ń wọn kànga kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Lójú ẹnjiníà orí ilẹ̀, kò sí epo tí ẹ̀rọ yìí ń fi kún un, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń wọn àpapọ̀ gbogbo kànga ní ẹnu ibi tí wọ́n ti ń tà á. Lójú ẹnjiníà abẹ́ ilẹ̀, ojú ni wọ́n fọ́ fún un. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún kẹrin, àpapọ̀ yóò sọ fún un pé omi ti dé, ṣùgbọ́n kò ní sọ kànga tó ti wá nínú kànga méjìlá. Kò ní mọ èyí tó yẹ kí ó dí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ní lè tún àwòrán àpáta rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè sọ fún ẹgbẹ́ kejì bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.